Omi Ọjọ́ Ìsinmi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú Ẹni tó dá omi kí ó tó dá ènìyàn. Mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, ó sì ń gbé mi gòkè padà wá. Mo dúpẹ́ fún àwọn àgbà ìjọ tó kọ́ mi ní ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìjọ nígbà tí bàbá mi kò ní ohun tí yóò fi rán ọmọbìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo dúpẹ́ fún ojú tí mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ojú náà rí kò dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ní kí ọpẹ́ mi dúró di ìgbà tí nǹkan bá dára, onítọ̀hún kò mọ̀ mí. Ọpẹ́ ni mo fi ń jí.

Ìlú wa kò jìnnà sí Òkè-Òpin. Orí òkè ni ilé-ìjọ wa wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé wà, èyí tó mú kí tọmọdé tàgbà máa pè mí ní Tísà. Bí ènìyàn bá ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, yóò kan odò. Bí ó bá rékọjá odò, yóò kan àdúgbò kékeré kan tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Odò. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti lọ sí ilé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Ìlọrin. Àkùrọ̀ tó dá sí etí odò ni ó ń jẹ: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata, àti ilá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn obìnrin máa ń du mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọjà. Omi odò ni ó fi ń wọ́n àkùrọ̀ náà. Òun náà ni ó ń mu, òun ni ó fi ń sebẹ̀. Kò sí kànga ní Ìsàlẹ̀ Odò, nítorí bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, àpáta ni wọ́n ń bá.

Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n rán wá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa ni ó kọ́kọ́ kó wa jọ nítorí odò yìí. Ọmọbìnrin ni, ara rẹ̀ yá, kì í sì í jẹ́ kí ìyà ọ̀nà jíjìn hàn lójú rẹ̀. Ó lọ láti ìjọ dé ìjọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ènìyàn bíi méjì tí yóò máa bá òun yẹ odò wò. Ìjọ Áńgílíkà wa yọ̀ǹda mi. Àwọn Onítẹ̀bọmi yọ̀ǹda díákónì obìnrin wọn. Àwọn Aládùúrà mú àlàgbà wọn wá, bàbá arúgbó kan tí kì í wọ bàtà lọ sí odò nítorí ó ní ibi mímọ́ ni. Ìjọ ajíhìnrere náà rán àwọn tiwọn.

Ó kọ́ wa bí a ti ń ṣe é. A ó gbé abọ́ tánńganran funfun kan kalẹ̀ ní etí odò, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó wá máa yí òkúta inú odò padà, a ó fọ ohun tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ sínú abọ́. Bí a bá rí ọmọ lámilámi tí kò tíì yọ ìyẹ́, bí a bá rí akàn àti ìṣáwùrú, odò yè. Bí a kò bá rí wọn, ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá. Ó tún fún wa ní bébà wẹ́wẹ́ tí a ń rì bọ omi. Bí omi náà bá ti di kíkan, àwọ̀ bébà náà á yí padà. Ó ní kí a kíyè sí ilé ẹ̀rọ gaàrí tó wà lókè odò, nítorí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún jáde nínú àpò ń pa ẹja.

Nígbà tí ọdún ìsìnrú ìlú rẹ̀ pé, ó lọ. Ó fi abọ́ àti bébà sílẹ̀ fún mi, ó sì ní èmi ni kí n máa kó àwọn ènìyàn jọ. Inú mi dùn. Mo rò ó pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí a ó máa lọ. Àgùnbánirọ̀ máa ń mú wa lọ nígbàkúgbà tó bá ti ráyè, ṣùgbọ́n àwa tó kù, a ní oko, a ní ọjà, a sì ní ìjọ. A jókòó nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa láti yan ọjọ́.

Mo ní, “Ọjọ́ Ajé ńkọ́?”

Díákónì ní, “Oko ni mo ń lọ ní ọjọ́ Ajé, Tísà. Ṣé ẹ óo bá mi ro ó?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Ẹ̀kọ́ Bíbélì.”

“Ọjọ́rú?”

Bàbá Àlàgbà mi orí. “Ọjọ́rú ni àwọn àgàn ń wá fún àdúrà. Bí n kò bá sí nílé, ta ni yóò dá wọn lóhùn?”

“Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?”

Ẹnì kan láti ìjọ ajíhìnrere ní ọjọ́ náà ni àwọn akọrin ń pàdé. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí kò bá sí ìsìnkú ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, ìgbéyàwó á wà ní Ìdòfin.

Bàbá Àlàgbà ní, “Ó dà bíi pé Olúwa nìkan ni kò ní nǹkan án ṣe.”

A rẹ́rìn-ín. Díákónì wá ní kí a máa ṣe é ní Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo wa ti wọ aṣọ tán tí a sì ti kúrò nílé. Ẹnì kan béèrè bóyá kò lòdì sí òfin. Mo ní iṣẹ́ àánú ni, Olúwa fúnra rẹ̀ wo aláìsàn sàn ní Ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo wa ṣe àmín. Báyìí ni a ṣe fẹnu kò. N kò rí ẹnì kan tí ó rò ó kọjá ibẹ̀, nítorí ní ìlú wa, ohun tó bá ti bá ìsìn mu ti yanjú nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti túká ní ìjọ, a ó pàdé ní etí odò. Omi máa ń mọ́ lóló. A ó rì bébà, kò ní yí padà. A ó yí òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, akàn máa ń sá kiri inú abọ́, ọmọ lámilámi náà máa ń fi ìdí ti ara rẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n ń dín kù. A sọ̀rọ̀ lé e lórí. Díákónì ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bàbá Àlàgbà ní àwọn ọmọdé ló ń kó akàn sun jẹ. Bébà ṣáà ń sọ pé omi dára, bébà sì ni a gbàgbọ́, torí ó dà bí ohun tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọn ó kà á nínú ìfilọ̀ ní ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: a yẹ odò wò, omi dára, kí ará máa fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Àlùfáà wa á ní kí a ṣe àmín, ìjọ á sì ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti ń kà á, á yíjú sí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, á na ìka sí mi. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àbúrò òun ni.

Bí ó ti ń lọ nìyẹn títí di ìgbà ìkórè. Ìkórè ìjọ wa bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn ìjọ yòókù sì wá bá wa yọ̀ ọ́. Aṣọ tuntun tí a wọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wọ inú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí a sún àyẹ̀wò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ̀kọ́ Bíbélì tó bẹ̀rẹ̀.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà. Ó dà bí òórùn ìkòkò fùfú tí wọ́n gbàgbé sí ìdí ilé. Nígbà tí a dé odò, omi náà ti funfun bí omi ògì, ó ń hó ní ẹ̀bá òkúta. Akàn kan wà ní etí omi, ó ti kú, ó yí ikùn sókè. Díákónì rì bébà. Kò tíì yọ ọ́ tán tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

Bàbá Àlàgbà dúró, kò gbé ẹsẹ̀ sínú omi. “Tísà, ṣé ibi tí a máa ń wá nìyí?”

“Ibẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ibí ni mo ti ń bu omi àdúrà.”

Díákónì ní, “Bàbá Àlàgbà, a jẹ́ pé gaàrí ni ẹ ti ń fún àwọn àgàn mu láti ọjọ́ yìí. Ṣúgà ló kù.”

Ó fẹ́ fi dá wa lára yá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Bí a ti dúró síbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yọ láti inú àkùrọ̀ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ó kí wa. Ó wò mí bí mo ti fi etí ìborùn mi bo imú.

Ó ní, “Ṣé ó ń rùn sí ọ?”

“Ó ń rùn, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé ó ń rùn sí Bàbá Àlàgbà náà?”

Bàbá ní ó ń rùn sí òun.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta. “Mo rò pé imú mi ló ti bàjẹ́ ni.”

Mo ní, “Láti ìgbà wo ló ti ń rí báyìí?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ ó máa ń kan mí lẹ́nu. Bí ó bá di Ọjọ́ Ìsinmi, ó tún dára.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ní orí. “Nígbà tí ẹ bá kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì pé omi dára, tí àlùfáà ní ká ṣe àmín, ta ni èmi tí n óo ní kò dára? Mo ní ọjọ́ orí ló dé. Mo ní ahọ́n mi ló ti gbó.” Ó tún ní, “Mo ṣe àmín náà, o mọ̀.”

Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n là á yé òun mọ́. Ilé ẹ̀rọ gaàrí kì í ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, wọ́n á gbá ilẹ̀, wọ́n á lọ dirun fún ìsìn. Títí ìsìn yóò fi parí ní ọjọ́ kejì, odò á ti fọ ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ Kristẹni ni gbogbo wa, ẹ̀rọ ń sinmi, odò náà ń sinmi, àwa náà sì ń lọ wò ó ní ìgbà tó ń sinmi, a ń wá ròyìn pé ó yè.

Ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ni a gbà lọ tààrà. Ìyá tó jẹ́ olórí ibẹ̀, inú ẹgbẹ́ ìyá kan náà ni èmi àti òun wà. Òun ló fún ọmọ mi lọ́mú nígbà tí àìsàn dá mi wó. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ni mo lọ bá. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o, ẹ̀rọ ń ké, àwọn àpò wà lábẹ́ jáàkì tó ń fún wọn, omi ń ti ara wọn kán sínú gọ́tà. Gọ́tà náà gba ẹ̀yìn ilé lọ sí odò.

Ó ní, “Tísà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jókòó. Gaàrí gbígbóná wà.”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ omi la bá wá. Omi tó ń jáde níbí ti ba odò jẹ́.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Odò tí ẹ ń kà sí wa létí pé ó dára?”

“Ọjọ́ Ìsinmi la máa ń lọ wò ó.”

“Èwo ni kí a wá ṣe sí i?” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. “Nígbà tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì, àwọn ará káńsù bi wá pé ṣé omi wa kò ní ba odò jẹ́. A ní kí wọ́n bi àwọn ìjọ. Wọ́n bi wọ́n. Ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní omi dára. Ẹ̀rọ kejì nìyẹn tó ń ké yìí.”

N kò mọ̀ pé wọ́n ti lò wá báyìí. Mo wo ẹ̀rọ náà. Àwọ̀ ewé ni, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì ṣí.

Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Tísà, ọmọ mélòó nínú kíláàsì yín ni owó gaàrí kò rán wá? Kí n pa ẹ̀rọ? Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, àpò tó ń kán lábẹ́ jáàkì yẹn, ti ta ni?”

Díákónì wo ilẹ̀. “Tèmi ni.”

“Bàbá Àlàgbà, ìyàwó yín ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú tirẹ̀.”

Bàbá Àlàgbà ní òun mọ̀.

A ń padà bọ̀. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí Ọlọ́run fi ẹni tí mo lè bínú sí hàn mí. Kò fi í hàn mí.

A lọ sí káńsù. Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ omi wà lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó mọ ọ̀wọ̀, ó fún wa ní àga, ó sì gbọ́ wa dé òpin. Ó wá ní, “Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń sọ pé omi dára. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní kò dára. Bí mo bá gbé e dé iwájú ọ̀gá mi, èwo ni kí n ní ó gbàgbọ́?”

Mo ní, “Kí ẹ wá wò ó fúnra yín ní ọjọ́ iṣẹ́.”

Ó ní òun yóò wá. Ó sọ pé ọkọ̀ ọ́fíìsì kò ṣe déédéé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gun ọ̀kadà padà sílé. N kò lè sọ pé ó purọ́ fún wa, torí ọkọ̀ náà wà lójúde lóòótọ́, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n kò wá.

A wá ní kí a ran ara wa lọ́wọ́. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn, olórí ilé ẹ̀rọ wá, ó sì gbà pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí omi ẹ̀gẹ́ yóò máa dúró sí kí ilẹ̀ lè fà á mu. Àwọn ọkùnrin ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ́ ẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo se ẹ̀wà fún wọn. Wọ́n kọrin bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, mo sì rò ó ní ọjọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni ilẹ̀ wa. Kòtò náà kò tíì jìn dé ibi tí ènìyàn lè wọ̀ dé àyà tí ṣọ́bìrì fi ń dún lórí àpáta. Wọ́n ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣe dáadáa. Omi odò padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ pàápàá, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ilá ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí òjò dé, kòtò kún, ó bo etí, gbogbo omi ẹ̀gẹ́ tó ti dúró síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ya lọ sí odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja wẹẹrẹ tó kù léfòó. Àwọn obìnrin ilé ẹ̀rọ tún la gọ́tà àtijọ́ padà. Wọn kò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Olórí wọn wá sọ fún mi nílé, ó jókòó lórí àga mi, ó sunkún, ó sì padà lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, tí a ti sún àyẹ̀wò sí ọjọ́ iṣẹ́, ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń dín kù. N kò bá wọn wí. Nígbà tó jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Olúwa ni wọ́n ń fún mi. Ní ọjọ́ iṣẹ́, oko wọn ni. Díákónì ní ojú ń ti òun láti rì bébà sínú omi tó ti àpò òun jáde. Pásítọ̀ ìjọ ajíhìnrere pè mí, ó ní kí n má fi ìwé ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí òun mọ́, nítorí ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ ọ́ pé omi kò dára, àwọn arábìnrin méjì bú ara wọn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà tiwa náà ní kí a kúkú fi í sínú àdúrà dípò ìfilọ̀. Bàbá Àlàgbà nìkan ló kù pẹ̀lú mi. Omi inú ọ̀rá ni òun náà ń rà fún àwọn àgàn báyìí, ó ń já a sínú ìgò lẹ́yìn tó bá ti gbàdúrà sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà ni ata ń wọ́ òdòdó dànù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà ń gbé ẹ̀fọ́ sí imú kí wọ́n tó rà á. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní kí ó má mu omi náà mọ́, torí inú rírun rẹ̀ kò lọ. Kànga ìjọ ni ó wá ń wá pọn, láti Ìsàlẹ̀ Odò dé orí òkè, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún. Mo ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.

Ó ní, “Ulé mi nìyí.” Bí àwọn àgbà wa ti ń pe ilé ni ó ṣe pè é, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ilé mi kì í ha ṣe ilé yín ni?”

“Tìẹ ni. Sàréè ọkọ mi wà ní ẹ̀yìn ilé tèmi. Ta ni yóò máa ro ìdí rẹ̀?”

Ní àárín òjò tó tẹ̀ lé e, ó ṣubú lọ́nà kànga pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Egungun kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ gbọ́, ó sì ti Ìlọrin wá pẹ̀lú ọkọ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó kàn ń gbé ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbé.

“Má gbé ọlọ yẹn. Mo ń bọ̀ wá lò ó.”

Ọmọ rẹ̀ gbé ọlọ padà sínú ilé.

“Má gbé àdá àkùrọ̀.”

Ó fi àdá sílẹ̀.

Nígbà tó ku kí ó wọ ọkọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Ṣé o óo máa lọ wò ó?”

“N ó máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kì í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi o.”

“Ọjọ́ iṣẹ́ ni.”

“Bí ó bá ti dára, pè mí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni n óo wọ mọ́tò.”

Mo ṣèlérí fún un. Èmi àti Bàbá Àlàgbà ń lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bí mo bá ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. A ń yí òkúta. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn, bí kò ṣe ohun funfun kan tó ń yọ̀, tó ń fà bí ikun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ó máa ń pè mí kí n tó pè é.

“Kí lẹ rí?”

“Kò tíì sí nǹkan.”

“Akàn ńkọ́? Kékeré pàápàá?”

“Kò tíì sí.”

“Ṣé mo lè máa di ẹrù díẹ̀díẹ̀?”

Mo máa ń ní kí ó ṣe sùúrù. Ó máa ń ní òun ń ṣe é. Ẹ̀rọ kẹta ti dé sí ilé ẹ̀rọ báyìí, nítorí ẹ̀gẹ́ ti ń wá láti Ìdòfin náà. Ìdílé méjì mìíràn ti kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Odò. Òjò ti ya apá kan ògiri ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti kó ọlọ àti àdá wá sí ọ̀dọ̀ mi kí wọ́n má bàa sọnù. N kò tíì sọ fún un pé mo kó wọn.

Ní àìpẹ́ yìí, kò béèrè mọ́. Ó ń pè, ó ń béèrè ara mi àti tàwọn ọmọ, ó ń sọ fún mi pé omi Ìlọrin kò dùn lẹ́nu. Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ mẹ́nu ba odò, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a lọ lánàá,” ó sì ní, “Fi ìyẹn sílẹ̀, àbúrò mi. Sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ fún mi.” Mo sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà láàyè, n kò sì mọ ohun mìíràn tí mo lè bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìwọ tí o ń ka èyí, níbikíbi tí o bá wà, kí Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí olódodo àti aláìṣòdodo má jẹ́ kí omi ilé rẹ korò. Kí Ó fún ọ ní ahọ́n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín adùn àti kíkan, kí Ó sì fún ọ ní ìgboyà láti gba ahọ́n rẹ gbọ́. Ibi tí wọ́n bí ọ sí, kí ó máa gbà ọ́. Àwọn tó ti jìnnà sí ilé nítorí ohun tí wọn kò lè tún ṣe, kí Olúwa bá wọn ro ìdí sàréè àwọn ènìyàn wọn. Àmín.